Ihò Lára Ewé Ọsàn

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pa ọmọ labalábá, tí mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí labalábá kì í dúró ní ẹ̀yìn ilé mi.

N kò mọ̀ pé ohun tí mò ń pa náà ni mò ń retí. Mo ti gbin òdòdó pupa, mo ti gbin funfun, mo ti gbin èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Labalábá kan á fò wá láti orí ògiri, á bà lé òdòdó kan, á ṣí ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á bá tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, nídìí igi ọsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà, èmi ni mo dúró tí mo mú ike oògùn apakòkòrò dání, tí mò ń fín in sí àwọn nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ orí ewé. Wọ́n dúdú, wọ́n ní funfun láàárín, bí ìgbẹ́ ẹyẹ gẹ́lẹ́. Àwọn ló ń dá ihò sára ewé ọsàn mi. Ọ̀tá ni mo kà wọ́n sí.

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí wọn bó ṣe yẹ kí èèyàn rí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó lóṣòó sídìí igi náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì pariwo: "Màmá, ẹ wá wò ó! Ìgbẹ́ ẹyẹ ń rìn!"

Ó mú koríko tín-ín-rín kan, ó fi tọ́ nǹkan náà lẹ́yìn. Bí koríko ti kàn án, ìwo pupa rírọ̀ méjì yọ láti ẹ̀yìn orí rẹ̀, òórùn kíkan bíi ti ọsàn tó ti bàjẹ́ sì gba ibẹ̀. Ọmọ náà fò sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó tún padà lọ tọ́ ọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé ó ní ẹsẹ̀, pé ó ní ẹnu, pé ẹnu náà ń gé etí ewé díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń gé aṣọ.

A kó mẹ́ta sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàràmù, a ju ewé ọsàn sí i, a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e lẹ́nu. Ojoojúmọ́ la ń pààrọ̀ ewé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanra sí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n bọ́ awọ: àwọ̀ ìgbẹ́ ẹyẹ ti lọ, wọ́n ti di àwọ̀ ewé tútù, tí èèyàn bá gbójú kúrò kò ní tètè rí wọn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n pa oúnjẹ tì. Wọ́n gun ẹ̀ka igi tí a kì bọ inú ìgò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi okùn tín-ín-rín tó ti ẹnu rẹ̀ jáde so ara rẹ̀ mọ́ ọn láàárín, bí ẹni tó fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Awọ tuntun tó wà lábẹ́ èyí tí wọ́n tún bọ́ le bí èèpo, wọ́n sì dákẹ́ sínú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni àkọ́kọ́ jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tí a kò tíì sá. Ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka náà, ó ń ti omi ara rẹ̀ sínú ìyẹ́ náà títí ó fi nà tán: dúdú, àmì ìyeyè káàkiri, àmì pupa bí ojú ní ìsàlẹ̀ ìyẹ́ ẹ̀yìn. N kò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ mi wò mí. "Màmá, ṣé irú èyí lẹ máa ń fín oògùn sí?"

N kò rí èsì fún un. Mo ti ike oògùn náà mọ́nú àpótí, láti ọjọ́ náà n kò sì fín nǹkan kan sí ẹ̀yìn ilé yẹn mọ́.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé òdòdó ni labalábá ń wá. Àgbà rẹ̀ ló ń wá òdòdó. Àgbà labalábá kò ní eyín tó lè fi jẹ ewé. Ahọ́n gígùn kan ló ní, tó máa ń ká jọ sábẹ́ àgbọ̀n nígbà tí kò bá lò ó, òun ló fi ń fa omi dídùn inú òdòdó mu. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń mu omi kọ́ ló ń bímọ sí. Abo á máa fò láti orí ewé dé orí ewé, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú lu ewé kọ̀ọ̀kan pẹ́pẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ló fi ń tọ́ nǹkan wò. Bí ohun tó tọ́ wò bá jẹ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, á yé ẹyin síbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹ, á kọjá. Ọmọ tó bá yọ lórí ewé tí kì í ṣe tirẹ̀, ebi ni yóò pa á kú láàárín ewé tútù yọ̀yọ̀.

Ẹ̀yìn ilé tó kún fún òdòdó nìkan dà bí ibi tí arìnrìn-àjò ti ń yà mu omi lójú ọ̀nà. Wọ́n á yà, wọ́n á mu, wọ́n á lọ. Kò sí yàrá ìkókó níbẹ̀. Ohun tí mo ní láti gbìn ni ewé tí mo gbà kí wọ́n jẹ, kí n sì gbà á tọkàntọkàn, nítorí ihò tó wà lára ewé ọsàn yẹn ni ìyẹ́ dúdú oní-àmì ìyeyè tó fò jáde láti inú ìgò wa. Kò sí ibòmíràn tó ti lè rí ara tó fi ṣe ìyẹ́.

Labalábá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú ewé tirẹ̀: bó ṣe sábà máa ń rí kárí ayé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí ẹnu wọn gba oríṣiríṣi. Ní Yúróòpù, labalábá kan wà tó ní àwòrán ojú mẹ́rin lára ìyẹ́ bíi ti ìyẹ́ ọ̀kín. Ewé èsìsì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ewé tí olùtọ́jú ọgbà máa ń kọ́kọ́ fà tu nítorí pé ó ń jóni lára. Bọmubọmu, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gé dànù lẹ́bàá ọ̀nà, ni ewé labalábá pípọ́n yẹn tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tó sì ní funfun díẹ̀. Oje bọmubọmu ní oró. Kàkà kí oró náà pa ọmọ labalábá yìí, ńṣe ló ń kó o pamọ́ sára títí di àgbà. Ẹyẹ tó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan á pọ̀ ọ́ jáde, kò sì ní gbàgbé àwọ̀ náà. Mo gbin bọmubọmu méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó ṣọ́ra: oje funfun yẹn lè ba ojú jẹ́. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ tí mo bá fẹ́ gé e, igun tí ọmọdé kì í ṣeré dé ni mo sì gbìn ín sí.

Labalábá pípọ́n yìí ní ìbátan kan ní Amẹ́ríkà, monarch ni wọ́n ń pè é, ìtàn rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi. Kò wúwo tó gíráàmù kan. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, ó ń fò láti Kánádà lọ sórí òkè ní Mẹ́síkò, ìrìn tó lè ju 4,000 kìlómítà lọ fún àwọn kan. Fred Urquhart, onímọ̀ kòkòrò ará Kánádà, àti Norah ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ àmì kékeré mọ́ ìyẹ́ wọn ní Kánádà kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọdún 1975 ni àwọn tó ń bá wọn wá a tó dé igbó orí òkè náà, wọ́n sì bá labalábá lórí igi débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀ lábẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sí àríwá, ìran kan kì í rìn ín tán. Wọ́n á yé ẹyin sójú ọ̀nà, wọ́n á kú, ọmọ á tẹ̀síwájú, ọmọ ọmọ á dé. Irú ewé kan ṣoṣo sì ni gbogbo ìran wọ̀nyí gbára lé, ewé oloje funfun tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí bọmubọmu. Níbi tí wọ́n bá ti ro ewé yẹn tán, ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti já. Nígbà tí mo lóye èyí ni mo dẹ́kun ríra òdòdó nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan.

Oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbé oògùn tì kò rọrùn. Àwọn kòkòrò wínníwínní tí wọ́n ń pè ní aphid bo ọ̀mùnú gbogbo igi mi. Bí iná orí ni wọ́n ṣe tò mọ́ra, wọ́n ti ẹnu bọ ẹran ara ewé, wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu, ewé ń ká jọ. Ẹ̀dá yìí kò nílò akọ kó tó bímọ: abo ń bí abo láàyè, bí ojú ọjọ́ bá sì móoru, ọmọ tó bí lónìí lè ti máa bímọ tirẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn èèrà ń dà wọ́n bí darandaran ṣe ń da màlúù. Wọ́n á gbá wọn nídìí pẹ́pẹ́, omi dídùn á jáde, èèrà á lá a. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ pa àwọn màlúù yẹn jẹ, èèrà á gbéjà kò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ dúró níwájú àpótí tí mo ti ike oògùn mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí nǹkan mìíràn lára àwọn ewé náà: kòkòrò dúdú, gígùn, tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, tó ní àmì pípọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jọ ọ̀nì tí a sọ di kékeré. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa. Mo rí òmíràn, mo tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rin ni mo pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Alẹ́ ni mo tó wá àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ọmọ kòkòrò róbótó pupa oní-àmì dúdú yẹn ni, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń jẹ́ kó rìn lórí ọwọ́ wọn. Aphid ni oúnjẹ rẹ̀, ó lè jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lóòjọ́, kódà kí ó tó yọ ìyẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo pa ọmọ nítorí pé n kò mọ ìyá rẹ̀.

Mo kọ́ láti máa wo nǹkan fún ìgbà pípẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo wá ń rí ẹyin kéékèèké tó dúró lórí okùn bí irun, tí wọ́n tò lábẹ́ ewé: ọmọ kòkòrò aláwọ̀ ewé oníyẹ̀ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń jáde níbẹ̀, tí òun náà ń jẹ aphid. Mo rí eṣinṣin kan tó múra bí oyin, ilà dúdú àti ìyeyè, tó lè dúró sójú kan lófuurufú láìsún síwájú tàbí sẹ́yìn. Ìyẹ́ méjì péré ló ní, oyin ní mẹ́rin, ibẹ̀ la ti ń dá wọn mọ̀. Àgbà rẹ̀ ń mu omi òdòdó, ọmọ rẹ̀ ń jẹ aphid. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀mùnú igi mi fi mọ́. Aphid kò tán, n kò tiẹ̀ fẹ́ kí ó tán. Bí ó bá tán, kí ni àwọn ọmọ yẹn yóò máa jẹ?

Ibi tí oògùn ti ń tan èèyàn jẹ nìyí. Bí a bá fín in, aphid á kú, kòkòrò tó ń jẹ aphid náà á kú. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í padà wá pọ̀. Aphid tó bá ṣẹ́ kù ń bímọ kíákíá, ẹni tó ń jẹ ẹ́ sì ń bímọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní wá níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ kò bá sí. Ní àárín ìgbà yẹn, aphid á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwa náà á sì tún gbé ike oògùn.

Ọsàn náà ni ẹ̀rí èyí tí mo mọ̀ jù lọ. Ní California, láàárín 1880 sí 1890, kòkòrò funfun kan tó rí bí òwú, tí wọ́n ṣèèṣì kó wọlé láti Ọsirélíà, bo igi ọsàn débi pé àwọn olóko ń gé igi wọn dáná sun. Ní 1888, Charles Riley, olórí àwọn onímọ̀ kòkòrò fún ìjọba Amẹ́ríkà, rán Albert Koebele lọ sí Ọsirélíà pé kí ó lọ wá ohun tó ń jẹ kòkòrò náà nílé rẹ̀. Ohun tó fi ránṣẹ́ ni kòkòrò róbótó pupa kan tó ní dúdú lẹ́yìn. 129 péré ni àkọ́kọ́ tó dé láàyè. Wọ́n pa àgọ́ bo igi ọsàn kan ní Los Angeles, wọ́n tú wọn sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àgọ́ náà, àwọn kòkòrò náà tàn lọ sí igi tó kù, kí 1889 sì tó parí, àjàkálẹ̀ òwú funfun náà ti rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ó lé ní àádọ́ta ọdún. Paul Müller, onímọ̀ kẹ́míkà ará Switzerland, wá rí i ní 1939 pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní DDT ń pa kòkòrò, ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1948. Nígbà tí àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í fín DDT sí oko ọsàn, àwọn ọmọ ọmọ kòkòrò pupa yẹn kú, òwú funfun sì padà. Mo ronú nípa àwọn olóko náà gan-an. Olùṣọ́ tí kò gba owó ti wà lórí igi wọn láti ayé bàbá wọn, wọn ò rí i, àfi ìgbà tí wọ́n pa á.

Mo rò pé mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ń ṣọ́ ọmọ labalábá kan tó ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ọsàn. A ka ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí a rò pé yóò jáde pé, ó kọjá, àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a rí ihò wínní kan lára rẹ̀, àwọn agbọ́n tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ sì ń ti ibẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò lóǹkà. Ìyá wọn ti yé ẹyin sínú ọmọ labalábá náà, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán láti inú.

Ọmọ mi sunkún. "Màmá," ó ní, "ẹ pa wọ́n. Ẹ lọ mú oògùn wá."

Mo jókòó tì í nílẹ̀. N kò sọ fún un pé kò dunni, nítorí ó dun èmi náà. Mo mú un lọ síbi tòmátì, mo fi ọmọ àfòpiná ńlá kan hàn án tó ti jẹ ìdajì igi náà. Ó dúró gbagidi, kò jẹun mọ́, nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní irú àwọn agbọ́n kékeré bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwọn hóró funfun yẹn, àwọn ni kò jẹ́ kí ewé tòmátì wa tán pátápátá. Mo ní labalábá kan lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin, bí gbogbo rẹ̀ bá di àgbà, kò sí ewé ọsàn tí yóò kù fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn labalábá fúnra wọn. Ó gbọ́, inú rẹ̀ kò sì dùn. N kò retí pé kí ó dùn. Ó padà lọ wo àwọn agbọ́n náà títí èyí tó kẹ́yìn fi fò lọ.

Èmi náà ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Mo fẹ́ labalábá, n kò fẹ́ agbọ́n, ẹ̀yìn ilé kò sì fún mi ní ọ̀nà láti gba ọ̀kan kí n kọ èkejì. Oògùn tí àwọn kan ń pè ní ti ẹ̀dá, èyí tí wọ́n fi kòkòrò àìfojúrí ṣe láti pa ajẹwé, kò mọ ọmọ àfòpiná yàtọ̀ sí ọmọ labalábá. Bí ewé tí a fín in sí bá ti wọ inú wọn, ikú ni. Mo ti pinnu pé n kò ní dá ẹjọ́ yẹn mọ́.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ohun tí mo ṣe kò pọ̀. Mo wá ibi tí oòrùn ti ń tètè dé, nítorí labalábá kì í lè fò dáadáa títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Mo fi òkúta pẹrẹsẹ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n lè tẹ́ ìyẹ́ lé. Mo gbin ohun tó ń tanná ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má baà sí oṣù kan tí òdòdó kò ní sí. Mo ń jẹ́ kí ẹ̀fínrín tanná kàkà kí n máa gé orí rẹ̀, torí òdòdó wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni oyin, agbọ́n kékeré àti eṣinṣin aláṣọ oyin yẹn fẹ́ràn. Ẹnu agbọ́n àti eṣinṣin yẹn kúrú, òdòdó jíjìn kò wúlò fún wọn. Mo fà àwọn òdòdó onípele púpọ̀ tu, àwọn tó rí bí aṣọ oníṣẹ́ọnà. Wọ́n dára lójú, ṣùgbọ́n ewé òdòdó ti gba àyè tí omi dídùn àti àtíkè òdòdó, ìyẹ̀fun inú rẹ̀, ì bá wà, kòkòrò á bà lé e, á wá a títí, á lọ lófo.

Omi fún labalábá, inú ẹrẹ̀ ló ti ń mu ún. Mo ri àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́lẹ̀, mo bu yanrìn àti ilẹ̀ sí i, mo ń jẹ́ kí ó tutù. Àwọn akọ máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti fa iyọ̀ inú ilẹ̀ mu.

Mo fi abala ilẹ̀ kan sílẹ̀ lásán, láìgbin nǹkan kan, láìtẹ́ nǹkan kan lé e. Irú oyin tó wà láyé lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í gbé nínú agbo tàbí ṣe afárá. Abo kan á dá gbẹ́ ihò rẹ̀ sínú ilẹ̀, á kó àtíkè òdòdó sí i fún ọmọ rẹ̀, á dí i. Ilẹ̀ tí a bá fi sìmẹ́ǹtì bò ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. N kì í sì jó ewé gbígbẹ mọ́. Nínú ewé gbígbẹ ni àwọn kan ń sùn títí ìgbà ìparadà wọn yóò fi pé. Ní alẹ́, mo ń pa iná ẹ̀yìn ilé nítorí àfòpiná, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí iná ń fojú rẹ̀ rí.

Ohun kan tó kù ni igi tí a bá rà. Olùtajà kan ta igi òdòdó kan fún mi tí gbogbo ohun tó jẹ ẹ́ kú láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn oògùn kan wà tí igi máa ń fà láti gbòǹgbò lọ sí ewé àti òdòdó, tí omi kì í fọ̀ kúrò. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de mẹ́ta nínú wọn lóko ìta gbangba ní 2018 nítorí oyin. Láti ìgbà náà mo máa ń béèrè kí n tó sanwó, bí olùtajà kò bá sì lè dá mi lóhùn, èmi náà á hu tèmi láti inú èso.

Bàbá kan ń gbé lódì kejì ògiri. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn ilẹ̀ mímọ́ ni, ìgbálẹ̀ kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọjú lórí ògiri lọ́dún àkọ́kọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yìn ilé yín yìí ti ń di igbó o. Ejò á wọlé."

"Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, nítorí àwọn labalábá."

"Labalábá?" Ó wo igi ọsàn mi tó lu ihò, ó mi orí, ó wọlé.

Kò ṣàṣejù, mo sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Mo ro ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́bàá ògiri tó pààlà láàárín wa kó mọ́ tónítóní, mo la ọ̀nà tóóró kan gba àárín ọgbà kọjá, mo sì to òkúta sí etí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó ṣe yà mí lẹ́nu. Ohun tó wà láàárín kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọ̀nà àti etí rẹ̀ á mọ̀ pé èèyàn kan ń tọ́jú ibẹ̀. Mo gba ẹni tó bá ní aládùúgbò nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ ṣe èyí.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn kòkòrò tó ń fò, tí ẹgbẹ́ kan ní ìlú Krefeld ní Jámánì ti ń fi pańpẹ́ mú, tí wọ́n sì ń wọ̀n, ní 63 ibi tí ìjọba dáàbò bò. Láàárín ọdún 27, ìwọ̀n àwọn kòkòrò náà fi ohun tó lé ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ibi tí wọ́n dáàbò bò nìyẹn o. Mo ka ìròyìn náà lóru, n kò sì tètè sùn. Ẹ̀yìn ilé mi kò lè dá ohun tó lọ bẹ́ẹ̀ padà, n kò sì ní fi ẹnu mi sọ pé ó lè ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́dún tí mo ń fín oògùn, mo rí irú labalábá méjì ní ẹ̀yìn ilé yìí. Lọ́dún yìí, èmi àti ọmọ mi ti ka mọ́kànlá, a ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Irú kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì mọ ewé rẹ̀. A ṣì ń wá a.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ labalábá kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi ọsàn. Wọ́n máa ń rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọn yóò so ara wọn mọ́. A fi tọ́ọ̀ṣì wá a nírọ̀lẹ́, a wo ìdí igi, a wo abẹ́ òkúta, a kò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bàbá yọjú lórí ògiri.

"Ìyàwó wa, nǹkan yín kan wà lára ògiri mi níbí."

Mo ní kí ó má bínú, mo ní mò ń bọ̀ wá mú un.

"Rárá, fi í sílẹ̀. Mo ti gbá ibẹ̀ yí ká." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọjọ́ mélòó ló máa ń lò?"

Mo ní tó bá rí bíi ti àwọn tó kù, bí ọ̀sẹ̀ méjì.